Bí Ọmọ Bá Ké Oríkì Délé, Ta Ni Yóò Dá A Lóhùn?

Ní ọdún 1967, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà lórílẹ̀-èdè Bràsíl, wọ ààfin Aláketu ní Kétu. Deoscóredes Maximiliano dos Santos ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n Mestre Didi ni tilé-toko mọ̀ ọ́n sí. Aya rẹ̀, Juana Elbein dos Santos, tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbésí ayé ẹ̀dá, wà pẹ̀lú rẹ̀. Níwájú ọba àti àwọn ìjòyè, àlejò náà kọ orin tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ kọ́ ọ ní òkè òkun, ẹnu sì ya àwọn tó wà níjòókòó. Lẹ́yìn orin, ó ké oríkì ìdílé rẹ̀: gbólóhùn kúkurú kan tí ẹnu ti ń gbé fún ẹnu láti ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn ìyá ńlá wọn lẹ́rú kọjá òkun. Bí ó ti ké e tán, ọba dá a mọ̀. Ó pe orúkọ ìdílé náà, Aṣípa, ó sì nawọ́ sí apá ibi tí agboolé wọn wà. Wọ́n mú ọmọ náà lọ sílé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu ni ó ti gbọ́ ìtàn yìí. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ohun tí wọ́n máa ń yìn ni pé ọmọ tó lọ kò gbàgbé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kejì tí kì í gba ìyìn tó: ilé pẹ̀lú kò gbàgbé. Ká ní kò sí ẹnikẹ́ni láàfin lọ́jọ́ náà tí ó mọ oríkì Aṣípa, ọ̀rọ̀ aládùn lásán ni ì bá jẹ́ létí wọn. Wọn ì bá pàtẹ́wọ́ fún àlejò, wọn ì bá fún un ní omi mu, ì bá sì padà sí Bàhíà bí ó ṣe wá. Láti Bàhíà ni ìpè ti wá. Láti Kétu ni ìdáhùn ti jáde. Àwọn méjèèjì ni ó para pọ̀ di ìpadàbọ̀.

Ojú yìí ni ó yẹ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ fi máa wo iṣẹ́ ọnà òde òní tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ogún àwọn baba, nípa orírun àti nípa ìrìnàjò àwọn ènìyàn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àwọn kan ń yangàn nítorí rẹ̀, àwọn kan ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni kò tíì béèrè ohun tó yẹ ní bíbéèrè. Iṣẹ́ oníṣọ̀nà náà jẹ́ ìpè. Ìdáhùn kò sí lọ́wọ́ oníṣọ̀nà, kò sì sí lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú òyìnbó. Àgbàlá àwọn agboolé Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ni ó wà, bí ó bá ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí Mestre Didi jẹ́. Ọdún 1917 ni wọ́n bí i, ọdún 2013 ni ó papòdà. Ìyá rẹ̀, Maria Bibiana do Espírito Santo, tí gbogbo Bàhíà ń pè ní Mãe Senhora, jẹ́ ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá ní Salvador. Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti mú Didi wọ inú awo Egúngún ní erékùṣù Itaparica, ó sì di àgbà nínú ìsìn Ọbalúayé ní ilé ìyá rẹ̀. Ẹni tí ń bójú tó ohun ìsìn òrìṣà ni, kí ayé tó mọ̀ ọ́n sí oníṣọ̀nà. Ohun tí ó fi ń ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: igi àárín ewé ọ̀pẹ, irú èyí tí a fi ń di ìgbálẹ̀, pẹ̀lú awọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti owó ẹyọ. Láti ara ṣàṣàrà Ọbalúayé àti ìbírí Nàná Bùkúù ni àwọn ère gíga rẹ̀ ti hù jáde, tí wọ́n ń na ọrùn sókè bí ejò àti bí ẹyẹ. Nàná Bùkúù yìí kan náà ni ojúbọ rẹ̀ wà láti àgbègbè Sábẹ̀ẹ́ títí dé Àtàkpàmé ní Tógò. Ní ọdún 1989, àwọn ère Didi wà nínú ìpàtẹ ńlá tí wọ́n pè ní « Magiciens de la terre » ní ìlú Párìsì. Ní ọdún 1996, ìpàtẹ àgbáyé São Paulo ya iyàrá kan sọ́tọ̀ fún un.

Nígbà tí àwọn ará Párìsì wo ère rẹ̀, wọ́n rí ẹwà, bóyá wọ́n sì rí àdììtú. Ọmọ Sábẹ̀ẹ́ tí ó bá dúró níwájú ère kan náà á rí ohun tó wà lọ́wọ́ ìyá òun àgbà lọ́jọ́ ọdún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn olùwòran méjèèjì yìí kì í ṣe ti ìwé kíkà. Ti ilé ni.

Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ń sọ pé irú iṣẹ́ ti Didi dára, nítorí pé ọmọ awo ni, ṣùgbọ́n pé ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń ṣe lónìí, ìdọ̀tí ni wọ́n ń kó jọ. Ọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń dá lé Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní ọdún 1962, tí ó fi bídọ̀n, àgbá oníke tí wọ́n fi ń ru epo, ṣe ẹ̀dà ìbòjú. Ẹnu bídọ̀n di ẹnu ènìyàn, ìdìmú rẹ̀ di imú. Wọ́n ní ta ló rí agọ̀ tí wọ́n fi ike ṣe rí?

Ẹni tí ó bá mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa kò ní bèèrè bẹ́ẹ̀. Kétu ni àwọn ọmọ Kétu ń pè ní orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àjọ UNESCO sì ti kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Kí ni ó wà lórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Ejò àti ẹyẹ wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ti dé ni agbẹ́gilére ti gbé kẹ̀kẹ́ lé orí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dé, ó gbé e lé e. Alùpùpù dé, ọkọ̀ òfuurufú dé, gbogbo wọn ni wọ́n jó ní ọjà. Kifouli Dossou, ọmọ Kóvè, tí ó ti ìdílé agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde, ti gbẹ́ igi tí ó ń sọ èrò àwọn ará ìlú nípa ètò ìṣèlú, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ó yapa kúrò ní ọ̀nà àwọn baba rẹ̀. Nítorí pé ní òru Ẹ̀fẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó gbé agọ̀ ni láti sọ ohun tí ìlú ń ṣe ní ojú ìlú. Ẹni tí ó jalè gbọ́ tirẹ̀. Ìjòyè tí ó ṣi agbára lò gbọ́ tirẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò fìgbà kankan jẹ́ ohun tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí. Ohun tí ojú bá rí lónìí ni ó ń gbé jó.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ohun tí ojú ń rí ní Àjàṣẹ́ lónìí? Epo ni. Ẹni tó bá ti dúró ní ọ̀nà Ìgolò ní òwúrọ̀ kùtù ti rí àwọn tí ń fi alùpùpù ru kpayó láti Nàìjíríà wọlé, tí bídọ̀n bò wọ́n mọ́lẹ̀ títí a kò fi rí ju orí wọn lọ. Wọ́n máa ń yan bídọ̀n náà lórí iná kí ó lè fẹ̀, kí ó lè gba epo ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá fẹ̀ títí, á tẹ́ẹ́rẹ́, á sì bẹ́ lọ́jọ́ kan. Ohun tí Hazoumè rí nínú rẹ̀ nìyẹn: ohun tí wọ́n ń lò títí tí yóò fi fọ́, tí wọ́n á sì jù ú nù, bí wọ́n ti lo ènìyàn nígbà kan rí.

Láti ọdún 1997 títí di ọdún 2005 ni ó fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù, « La Bouche du Roi ». Orúkọ ẹnu odò ni, níbi tí odò Mónò ti wọ inú òkun, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ. Bídọ̀n 304 ni ó tò sílẹ̀, ó tò wọ́n bí àwòrán ọkọ̀ ojú omi Brookes, àwòrán tí àwọn tó ń bá òwò ẹrú jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún láti fi hàn bí wọ́n ti ń to ènìyàn bí igi ìdáná. Ìbòjú kọ̀ọ̀kan dúró fún ènìyàn kan. Ohùn ènìyàn ń jáde nínú iṣẹ́ náà, òórùn wà nínú rẹ̀, fíìmù àwọn tó ń ru epo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù rà á, wọ́n sì gbé e káàkiri àwọn ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2007, nígbà tí ó pé igba ọdún tí wọ́n ti fòfin de òwò náà. Ní ọdún 2007 kan náà ni wọ́n fún Hazoumè ní ẹ̀bùn Arnold Bode ní ìlú Kassel ní Jámánì, fún ọkọ̀ ojú omi mìíràn tí ó fi bídọ̀n kàn, tí ó ń sọ nípa àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá ọ̀nà sí ilẹ̀ Yúróòpù lónìí.

Nǹkan kan wà nínú « La Bouche du Roi » tí ó yẹ kí ó dá àwọn olólùfẹ́ ìtàn ọba dúró. Ní ìdí ọkọ̀ náà, ìbòjú méjì ta yọ: ọ̀kan dúró fún agbára òyìnbó, èkejì fún ọba ilẹ̀ yìí. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni ó ṣe é, ó sì mọ ohun tí ó ń sọ. Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ èbúté tí wọ́n ti ń ta ẹrú. Òyìnbó kò wọ inú igbó lọ fọwọ́ ara rẹ̀ mú gbogbo àwọn tí wọ́n kó lọ. Oníṣọ̀nà yìí ti sọ ní gbangba, bí Ẹ̀fẹ̀ ti máa ń sọ ọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ máa ń fò kọjá nínú ìwé ìtàn tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ ọdún.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà tún yọjú ní Kútọnu ní ọdún 2022. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Fàráńsé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà, èyí tí àwọn ọmọ ogun Dodds kó ní ààfin Àgbómẹ̀ nígbà ogun ọdún 1892. Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọ́n pàtẹ wọn ní ààfin Marina, wọ́n sì fi iṣẹ́ àwọn oníṣọ̀nà òde òní 34 sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Inú gbogbo ìlú dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n lára àwọn ohun tó padà wálé ni ìtẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìtẹ́ Kánà. Ní òkè rẹ̀, ọba wà lábẹ́ agboòrùn, àwọn ènìyàn rẹ̀ yí i ká. Ní ìsàlẹ̀, àwọn tí wọ́n mú lójú ogun tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, nínú ìdè.

Ọmọ Kétu tí ó dúró níwájú ìtẹ́ yẹn ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ rò. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì wọ Kétu, wọ́n dáná sun ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí Fàráńsé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó ṣẹ́ kù padà wá tún ìlú wọn kọ́. Agbẹ́gilére kò kọ orúkọ sí ara àwọn tó wà nínú ìdè. Wọn lè jẹ́ ọmọ Kétu, wọn lè jẹ́ ọmọ Sábẹ̀ẹ́, wọn lè jẹ́ Maxi. Ọba tó wà lókè ní orúkọ, ó ní oríkì, ó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò ní nǹkan kan, àfi bí àwọn tí wọ́n jọ wá láti ilé bá ṣì ń ké oríkì wọn. Èyí kì í ṣe ìdí láti bá àwọn ará Àgbómẹ̀ jà. Ọmọ wọn àti ọmọ Kétu ti ń fẹ́ ara wọn tipẹ́. Ìdí ni láti mọ̀ pé ìjọba lè dá ìtẹ́ padà, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tí ó lè dá orúkọ àwọn tó wà lábẹ́ ìtẹ́ padà. Iṣẹ́ agboolé nìyẹn.

Àwọn oníṣọ̀nà kan ti mọ èyí, ilé ara wọn ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ishola Akpo, tí ń fi fọ́tò ṣe iṣẹ́ ọnà, kọjú ẹ̀rọ rẹ̀ sí àwọn ohun ìdána ìyá rẹ̀ àgbà, àwọn ẹrù kékeré tí obìnrin àtijọ́ ń tọ́jú sínú àpótí títí dọjọ́ alẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ìtàn àwọn obìnrin tó jọba nílẹ̀ Áfíríkà, tí àwọn òpìtàn ti pa orúkọ wọn rẹ́. Ní ọdún 2024, òun àti Hazoumè, Moufouli Bello àti Chloé Quenum ṣojú Bẹ̀nẹ̀ nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí kọ́kọ́ ní ilé tirẹ̀ nínú ìpàtẹ àgbáyé Venice ní Ítálì. Azu Nwagbogu, ọmọ Nàìjíríà, ni ó ṣètò rẹ̀, ọgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àkòrí tí wọ́n fún un túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó níye lórí ni ó rọrùn láti fọ́. Kò sí ẹni tí ó ti ṣí àpótí ìyá rẹ̀ àgbà tí kò ní gbà pé òótọ́ ni.

Àwọn tí ń ṣàríwísí ní ohùn méjì tí ó yẹ kí a fetí sí. Èkíní ni pé oníṣọ̀nà lè tú àṣírí awo síta fún owó. Ẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n Mestre Didi fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn: ṣàṣàrà tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà wà ní ojúbọ, kò jáde, ère tó lọ sí ìpàtẹ jẹ́ ohun tí wọ́n ṣe fún ojú gbogbo ayé. Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé mọ ibi tí ààlà wà. Ẹni tí kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ni yóò ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bí àwọn àgbà bá ti ilẹ̀kùn mọ́ oníṣọ̀nà nítorí ìbẹ̀rù pé yóò ṣàṣìṣe, àwọn gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ di ẹni tí kò ní mọ ààlà.

Ohùn kejì ni pé ilẹ̀ òkèèrè ni iṣẹ́ wọ̀nyí ń gbé. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. « La Bouche du Roi » wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó bá fẹ́ wò ó ní láti wá físà. Kò dára. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń bínú sí British Museum tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí ó béèrè pé nígbà tí bídọ̀n náà ṣì wà nílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹgbẹ́ wo ni ó wá wò ó? Owó tí wọ́n ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ àti àgọ́ nígbà ọdún kò kéré. Ìwọ̀nba wo nínú rẹ̀ ni ó ti lọ sórí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ìlú rí?

Àkókò kò sì dúró. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tí ó fàyè gba àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú láti gba ìwé ọmọ ìlú. Ẹni tó bá ń béèrè gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní baba ńlá tí wọ́n kó lọ. Ó lè fi ìwé, ẹ̀rí ènìyàn tàbí àyẹ̀wò DNA ṣe é. Òfin rere ni. Àwọn ènìyàn yóò máa wá láti Bràsíl, láti Amẹ́ríkà, láti àwọn erékùṣù Kàríbíà. Ìjọba yóò fún wọn ní páásípọ́ọ̀tù. Àyẹ̀wò DNA yóò sọ apá ilẹ̀ Áfíríkà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti wá fún wọn. Kò sí èyí tí ó lè sọ agboolé fún wọn nínú méjèèjì. Oríkì nìkan ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Mestre Didi, nígbà tí ẹnìkan kò tíì máa fi itọ́ wá ìran rẹ̀.

Bí kò bá sí ìdáhùn òtítọ́ nílé, ìdáhùn èké yóò dé. Ó ti ń dé ná. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé oyè lé àlejò lórí láàárín ọjọ́ kan, tí wọ́n ń ṣẹ̀dá ìran fún un lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń gba owó rẹ̀. Àlejò á padà lọ pẹ̀lú fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, kò sì ní mọ̀ pé ilé tí wọ́n mú òun lọ kò mọ òun rí. Èyí burú ju àìdáhùn lọ. Ẹni tí wọ́n ja baba ńlá rẹ̀ lólè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ja òun náà lólè.

Nítorí náà, iṣẹ́ mẹ́ta wà nílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́, kò sì sí èyí tí ó ju agbára wọn lọ.

Iṣẹ́ kìn-ín-ní ni kí agboolé kọ̀ọ̀kan gba oríkì orílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n, pàápàá àwọn ìyá àgbà, nítorí pé lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Fóònù alágbèéká tó fún un. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ké e, agboolé rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Kí wọ́n sì bi í léèrè èyí tí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ àti èyí tí ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé. Ìdílé ọba máràrùn-ún Kétu, Alápìnni, Mágbò, Àrò, Mèṣà àti Mèfù, lè fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe parí sí ilé ọba. Àwọn tí wọ́n kó lọ kì í ṣe ọmọ ọba nìkan. Àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn ahunṣọ, àwọn àgbẹ̀ oko etílé ni wọ́n pọ̀ jù.

Iṣẹ́ kejì ni kí ọdún kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan fún àwọn oníṣọ̀nà, ní ààfin tàbí ní ọjà. Kí iṣẹ́ tó lọ sí Párìsì tàbí Venice, kí ojú ilé kọ́kọ́ rí i. Kí àwọn àgbà wí tẹnu wọn, kí oníṣọ̀nà wí tirẹ̀, ní èdè Yorùbá, kí wọ́n má ṣe máa fi Faransé nìkan sọ̀rọ̀ nípa nǹkan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Oníṣọ̀nà tí ó bá mú ìtàn agboolé kan ṣiṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ tí ó gbọ́dọ̀ san: kí ó fi fọ́tò iṣẹ́ náà àti àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ fún agboolé tí ó ti gba ìtàn. Ìyẹn kò ní kó owó kúrò lápò rẹ̀, yóò sì mú kí ọmọ ọmọ àwọn tí ó bi léèrè ọ̀rọ̀ mọ ibi tí ohùn ìyá wọn dé.

Iṣẹ́ kẹta ni kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa gba àwọn ọmọ tó ń padà bọ̀. Kí wọ́n jẹ́ ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó sì gbọ́ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Potogí. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àlejò mú wá, orúkọ kan, orin kan, èèwọ̀ kan tí wọ́n ń pa mọ́ nílé wọn láìmọ ìdí, kí wọ́n tó sọ ohunkóhun. Bí ohun tí ó mú wá bá bá ti agboolé kan mu, kí wọ́n mú un lọ síbẹ̀. Bí kò bá bá ti ẹnikẹ́ni mu, kí wọ́n ní ìgboyà láti sọ fún un pé: « O káàbọ̀, ọmọ ilẹ̀ yìí ni ọ́, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ilé rẹ. » Ọ̀rọ̀ yẹn dun ni, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀wọ̀ nínú ju oyè ọjọ́ kan lọ. Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ó mú wá sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìyá àgbà kan ní abúlé tí wọn kò tíì dé ni ó ní ìyókù rẹ̀ lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìrìnàjò Kétu, Mestre Didi kò jókòó lásán. Ní ọdún 1980, ó dá ilé ìsìn Egúngún kan sílẹ̀ ní Salvador, ó sì sọ ọ́ ní Ilé Aṣípa. Orúkọ tí ọba nawọ́ sí ní Kétu ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Bàhíà láti ìgbà náà. Ohun tí ìdáhùn kan ṣoṣo lè bí nìyẹn, nítorí pé ẹnìkan láàfin ti gbọ́ oríkì ìdílé kan tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì fi sọ́kàn.

Àwọn oníṣọ̀nà ń pè láti Àjàṣẹ́, láti Kútọnu, láti Salvador. Àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ ń bọ̀, ìwé ìrìnnà wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀pọ̀ agboolé Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ lónìí, ó ku ẹnìkan tàbí ẹni méjì tí ó lè ké oríkì ilé dé òpin, wọ́n sì ti dàgbà púpọ̀. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ka èyí dé ibí yìí wo agboolé tirẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Kí ó wá ẹni náà lọ kí oṣù yìí tó parí, kí ó mú obì dání, kí ó sì jókòó ti í.